Ta ló ń wo ìdí kóńgò omi wa ní Ilé-Ifẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, mo sì ti lé ní ogún ọdún nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó re ibi àgbà ń rè. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London sọ fún mi lórí fóònù pé ìjọba ọ̀hún bu owó ìtanràn ńlá lé ilé iṣẹ́ omi wọn nítorí ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣàn wọ odò. Ó yà mí lẹ́nu. Kànga ni èmi ń pọn. Bó bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tánkà ni mo máa ń rà. Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò mi kọ́lé, ó gbẹ́ sọ́kàwéè rẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri tó pààlà wa, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí kànga mi. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, omi mi a máa rùn. Mo bá a sọ ọ́, ó ní orí ilẹ̀ òun lòun gbẹ́ ẹ sí. Ta ni kí n lọ bá? Àbí àwa ò ní ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó dé ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kànga yín, torí ìyẹn ò lè dúró dè wá. Láti òní lọ, ẹ má ṣe mu omi náà láìsè é. Ẹ jẹ́ kó hó yaya fún odindi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi tí ẹ fi ń fọ eyín àti èyí tí ẹ fi ń ṣan ẹ̀fọ́ wà nínú ohun tí mò ń sọ. Bí ìkókó bá wà nínú ilé, ẹ wá omi mìíràn fún un pátápátá. Iná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ náítréètì, èyí tí ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń tú sínú omi inú ilẹ̀, tí í sì í dí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Kódà bí ẹ bá ń sè é lọ, kò lè dín kù; omi tó ń gbẹ nínú ìkòkò ló ń mú un pọ̀ sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé London. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ alámòójútó omi kan tó ń jẹ́ Ofwat bu ìtanràn £122.7 mílíọ̀nù lé Thames Water, ilé iṣẹ́ tó ń fún London lómi tó sì ń kó ìdọ̀tí wọn lọ. £104.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdọ̀tí tí wọn ò bójú tó bó ṣe yẹ. Ìyókù jẹ́ ti èrè tí wọ́n pín fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pín èrè. Àjọ náà là á mọ́lẹ̀ pé ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ni ín ni yóò san owó náà, wọn ò gbọdọ̀ gbé e lé oníbàárà lórí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín má rò pé ojú ti là tán níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba wọn kéde pé àwọn yóò tú Ofwat fúnra rẹ̀ ká, pé kò dáàbò bo oníbàárà tó bó ṣe yẹ. Láti ọdún 1989 tí wọ́n ti ta omi wọn fún aládàáni ni àjọ náà ti wà, síbẹ̀ ìdọ̀tí ń ṣàn wọ odò lójú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé orúkọ àjọ nìkan ni oògùn. Àmọ́ ohun kan wà nínú bí wọ́n ṣe to tiwọn tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání: ẹni tó ń wo owó yàtọ̀, ẹni tó ń yẹ omi mímu wò yàtọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ odò náà yàtọ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń pọnmi tà.

Ẹ ti ra gàrí rí ní Ọjà Odò-Ògbè. Kí obìnrin tó bu gàrí, ojú yín á ti kọ́kọ́ lọ sí ìdí kóńgò rẹ̀, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Bí àríyànjiyàn bá dé, ẹ kì í ní kí ẹni tó ni kóńgò ṣe ìdájọ́. Ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ wọn lẹ máa pè. Iṣẹ́ alámòójútó omi kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń pọnmi fún ìlú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dá iye lé e, kó tún jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé ó mọ́, kó sì tún jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń ráhùn. Bí inú ẹni náà tilẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ara rẹ̀ ni yóò máa dá láre. Kóńgò omi tilẹ̀ burú ju ti gàrí lọ, torí ojú lásán kì í rí ìdí rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara bí omi òjò lè gbé onígbáméjì dání. Òórùn tí ẹ gbọ́ yẹn, oore ló ṣe yín. Ọ̀pọ̀ kànga tó ti bàjẹ́ kì í rùn rárá.

Nílẹ̀ wa, ìwé òfin ọdún 1999 ló pín iṣẹ́ yìí, ó sì pín in kélekèle. Odò tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin omi ti ọdún 1993 sì fìdí ìyẹn múlẹ̀. Omi ẹ̀rọ inú ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ṣun fi ní ilé iṣẹ́ omi tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé e kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991. Omi inú ọ̀rá tí ẹ ń pè ní píọ̀ wọ́tà, NAFDAC ló ń fún wọn ní nọ́ńbà. Ìlànà ohun tó gbọdọ̀ wà àti ohun tí kò gbọdọ̀ sí nínú omi mímu, SON, àjọ tó ń ṣe ìlànà ọjà nílẹ̀ wa, ló gbé e jáde ní 2007, wọ́n sì tún un ṣe ní 2015. NIS 554 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń da májèlé sódò, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àyíká, ló yẹ kó mú wọn. Ìgbọ̀nsẹ̀ wá ńkọ́? Ó wà nínú àfikún kẹrin ìwé òfin náà, ẹnikẹ́ni lè kà á: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, ẹ̀gbin àti pàǹtírí jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ láti Èkìtì, ó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá títí ó fi wọ ọ̀sà ní apá Èkó. Àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà dà á rú tó fi di aláwọ̀ ẹrẹ̀, títí ìjọba fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo pé kí wọ́n má mu ún. Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, Àbújá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti wà á. Ilé iṣẹ́ omi tó bá ń fa irú odò bẹ́ẹ̀ ni yóò wá ra álọ́ọ̀mù ní ìlọ́po láti fi mú ẹrẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ àti ẹni tó ń tún un ṣe kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan náà, wọn ò sì jọ jókòó sí tábìlì kan. Nítorí náà, màmá, ìjọba tó ń ṣọ́ omi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dà bí ọmọ púpọ̀ nínú ilé kan: nígbà tí ìyá ké, kò sí èyí tó mọ̀ pé òun ló yẹ kó sáré.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ìlú kan fún yín. Kánádà ló wà, ṣùgbọ́n ìtàn kànga yín gan-an ni. Walkerton lorúkọ rẹ̀, kò ju nǹkan bí 5,000 ènìyàn lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àgbàrá sì gbé ìgbẹ́ màlúù láti inú oko kan wọ ọ̀kan nínú àwọn kànga ìlú náà, èyí tí kò jìn. Kuloríìnì tó yẹ kó pa kòkòrò inú rẹ̀ kò tó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa wọn kuloríìnì náà lójoojúmọ́ ti sọ ọ́ di àṣà láti kọ iye tí wọn ò wọ̀n sínú ìwé. Yàrá àyẹ̀wò aládàáni kan yẹ omi náà wò, ó rí kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Ó fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ omi, ó sì parí síbẹ̀, torí òfin ìgbà náà kò fi dandan lé e kó sọ fún ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ omi fi èsì náà pamọ́. Àwọn elétò ìlera pè wọ́n, wọ́n ní omi dára. Ó lé ní 2,300 ènìyàn tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ènìyàn 7 kú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, oorun dá lójú mi. Ẹ rí i pé ìmọ̀ wà. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ, ẹnì kan yẹ omi wò, ẹnì kan ka èsì rẹ̀. Ohun tó pa àwọn ènìyàn náà ni pé ẹni tó mọ̀ kò ní ẹni tí òfin ní kó sọ fún, ẹni tí wọ́n sì sọ fún ni ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 2002, wọ́n ṣe òfin omi mímu tuntun níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ àti ti Iléṣà, orí àpáta ló wà. Omi tí kànga wa ń bá pàdé, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta náà ló wà, kì í jìn. Èyí rọrùn fún ẹni tó ń gbẹ́ kànga, ó sì rọrùn fún ohun tó ń jò láti inú sọ́kàwéè pẹ̀lú. Àpáta ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kó rì lọ, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa gbà lọ síbi tí ilẹ̀ dà sí. Òjò ni yóò sì máa tì í lẹ́yìn. Ìdí rèé tí ẹ fi ń gbọ́ òórùn lẹ́yìn òjò. Àwa tó ṣe iṣẹ́ ìlera àyíká máa ń sọ pé kí àárín kànga àti sọ́kàwéè tó 30 mítà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, kí kànga sì wà lápá òkè. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó ìdajì rẹ̀. Mo mọ̀ pé pulọ́ọ̀tì ilé lọ́dọ̀ wa kéré, pé bí olúkúlùkù bá ní kó tó 30 mítà, àwọn mìíràn ò ní rí ibi gbẹ́ nǹkan kan sí. Òótọ́ nìyẹn, òun gan-an ló sì fi hàn pé ìlú tó ti fún pọ̀ tó báyìí kò yẹ kó máa fi kànga àti sọ́kàwéè ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ayé.

Ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n ní adágún Ọ̀pá tí wọ́n ń fa omi wọn, wọ́n sì ní páìpù tó ń kó ohun inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí àwọn adágún tí oòrùn àti atẹ́gùn ti ń pa kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹnu géètì ni páìpù yẹn mọ. Lóde géètì, olúkúlùkù ló gbẹ́ tirẹ̀, bó bá sì kún, ẹ ó pe ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè. Ẹ san owó, ọkọ̀ fà á, ó lọ. Màmá, ẹ ti bèèrè rí ibi tó ń lọ dà á sí? Èmi ti bèèrè rí lọ́wọ́ awakọ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, igbó pọ̀.” Igbó tó pọ̀ yẹn ní odò nínú, ẹnì kan sì wà nísàlẹ̀ odò tó ń fi igbá bu ún.

Ẹ bi mí pé ta ni kí ẹ lọ bá. Wọlé-wọlé ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ. Èmi fúnra mi ṣe wọlé-wọlé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti pariwo pé wọ́n ti dé orí títì, ìyá mi á sáré lọ yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀, ìwé ló máa gbà. Ìwé yẹn kò tíì kú. Ofísà ìlera àyíká ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí, àjọ tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀ ló ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, wọ́n sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ofísà náà ní agbára láti wọ ọgbà aládùúgbò yín, kó wọn ilẹ̀, kó fún un ní ìwé pé láàárín ọjọ́ báyìí kó tún nǹkan tó ń pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára ṣe, bí kò bá sì ṣe é, kó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ “orí ilẹ̀ mi ni” kò dúró níwájú òfin ìlera. Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Omi tó ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Kí n má tàn yín, n ó sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo bá ilé kan pàdé tí ọmọ mẹ́ta ti ṣe àrunṣu léraléra láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàárín kànga wọn àti sọ́kàwéè ẹni tó ni ilé ẹ̀gbẹ́. Mo kọ ìwé fún onítọ̀hún, mo fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan tó ju mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ pè mí sínú ọ́fíìsì, ó ní ẹni wa ni ọkùnrin yẹn, kí n lọ gba ìwé náà padà. Mo gbà á padà. Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta náà kò rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejì. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé omi náà ló pa á, wọn ò yẹ omi náà wò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn, mo sì mọ ìdí tí mo fi gbà á padà.

Ìdí rèé tí n kò fi í dáhùn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ àjọ yangàn fún mi. Mo máa ń bèèrè pé: ẹni tó ń ṣọ́ni yìí, ta ló ń san owó oṣù rẹ̀, ta ló sì lè lé e lọ? Bó bá mú ẹni ńlá, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Àbọ̀ ohun tó rí ńkọ́, ṣé ará ọjà lè kà á? Lagos ti ní àjọ alámòójútó omi nínú òfin láti ọdún 2004. Àjọ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò yàtọ̀ sí pátákó tí wọ́n kọ “Má tọ̀ síbí” sí.

Zambia ni mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, torí wọn ò lówó jù wá lọ. Òfin wọn ti ọdún 1997 dá NWASCO, àjọ alámòójútó omi wọn, sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìwé jáde tó to àwọn ilé iṣẹ́ omi láti orí ẹni tó ṣe dáadáa títí dé ẹni tó gbẹ́yìn, pẹ̀lú wákàtí tí omi fi ń yọ àti iye omi tó ń jò dànù lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá gbẹ́yìn kò lè fara pamọ́ fún ìjọba, kò lè fara pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n kó àwọn ará àdúgbò jọ, àwọn tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n kọ́ wọn ní òfin náà, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ojú àti etí àjọ níbi tí ọ́fíìsì kò sí. Ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ omi kò bá yanjú, àwọn ni wọ́n ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àjọ. Nígbà tó yá, wọ́n tún na ọwọ́ àjọ náà dé orí ṣáláńgá àti sọ́kàwéè àti àwọn ọkọ̀ tó ń fà á, torí wọ́n rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú wọn wà. Lójú tèmi, ibẹ̀ náà ló yẹ kí tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dúró títí páìpù yóò fi dé gbogbo ilé kí a tó máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń mu kànga lónìí ti di ẹni tí a pa tì.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2000 ní ará ìgboro kan yẹ kó máa rí omi 120 lítà lójúmọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì 25 lítà márùn-ún fún ẹnì kan. Omi kì í rìn fúnra rẹ̀: iná mànàmáná tàbí dísù ló ń tì í, álọ́ọ̀mù àti kuloríìnì ló ń fọ̀ ọ́. Ibi gbogbo tí olóṣèlú bá ti ń dá iye omi lé nítorí ìbò, iye náà a máa kéré títí tí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́, tálákà yóò sì wá máa ra omi tánkà ní ìlọ́po-ìlọ́po iye tó yẹ kó san. Alámòójútó tó dá dúró máa ń sọ ohun tí olóṣèlú kò lè sọ: pé iye yìí ni omi náà, pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé bó bá sì gbà á, wákàtí báyìí ni omi gbọ́dọ̀ fi yọ. Ghana ti fi iṣẹ́ yẹn lé àjọ PURC lọ́wọ́ láti 1997. Èmi yóò san owó omi tó bá ń yọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà yóò san án.

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ wá tépù, kí ẹ fi wọn ilẹ̀ láti ẹnu kànga dé ibi sọ́kàwéè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn òjò tó bá tún rọ̀, kí ẹ gbé omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, inú ìgò tí àwọn fúnra wọn bá fún yín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, àti náítréètì lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Ìlànà Nàìjíríà kò gba E. coli kan ṣoṣo láàyè nínú 100 mílílítà omi, náítréètì kò sì gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí ẹ máa mú relé. Ẹ má gba “a ti gbọ́ o, màmá” lẹ́nu. Òǹtẹ̀ ni kí ẹ gbà. Kí ẹ tún lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé, ẹ bèèrè ibi tí pílánù aládùúgbò yín fi sọ́kàwéè sí. Bó bá jẹ́ pé ibòmíràn ló wà lórí ìwé, ẹjọ́ yín ti rọrùn ní ìdajì.

Ẹ má dá nìkan lọ. Bí ẹ̀yin nìkan bá lọ, wọ́n á ní ìjà aládùúgbò ni. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, kí ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo kànga àti sọ́kàwéè àdúgbò náà sórí ìwé kan, tó fi mọ́ ti alága. Kí ẹnikẹ́ni tó bá pe ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀ àti ibi tí awakọ̀ ní òun ń lọ. Bí aṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Òṣogbo bá wá sílé, ẹ fi ìwé náà hàn án, ẹ bi í léèrè ọwọ́ ta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ sì ní kó dárúkọ ẹni náà.

Ti aládùúgbò yín, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan bá a sọ̀rọ̀ kí ìwé wọlé-wọlé tó dé. Ẹ sọ fún un pé bó bá gbé sọ́kàwéè náà jìnnà, tàbí kó mọ ọn ní kọnkéré nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má lè jò, kí ó sì máa fà á lásìkò, ẹ̀yin náà yóò gbé ẹnu kànga yín ga sókè, ẹ ó sì dé e ní ìdérí gidi. Òun náà ní kànga lẹ́yìn ilé, àbí? Ẹ bá mi wo apá ibi tí sọ́kàwéè tiyín wà sí i. Bí èsì àyẹ̀wò bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye tí tépù sọ. N ó ka á fún yín, n ó sì bá yín kọ lẹ́tà kejì bí wọn ò bá dáhùn àkọ́kọ́.